Oyún oṣù mẹ́jọ, ikọ́, imú tí kò gbóòórùn: ṣé ọmọ ò ní kó o?

ỌKỌ ABOYÚN, AGRIC:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó dá mi lóhùn kíákíá. Oyún ìyàwó mi ti wọ oṣù mẹ́jọ. Ọjọ́ kẹrin rèé tó ti ń wúkọ́, ara rẹ̀ máa ń gbóná lálẹ́, lánàá ló wá sọ pé òun ò gbóòórùn ẹja tí òun ń yan mọ́. Ìyá mi ní ibà lásán ni, ká lọ ra agbo. Ìyá tirẹ̀ ní Kòrónà ni, pé ọmọ á gbé e wáyé, pé kò sì gbọdọ̀ fún ọmọ náà lọ́yàn. Aládùúgbò wa kan ní Kòrónà ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀rù ọsibítù ń bà wá, torí a gbọ́ pé wọ́n máa ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kí ni ká ṣe?

———

NỌ́Ọ̀SÌ ÀGBÀ, IGBÓGBÓ:
Dáhùn ohun méjì yìí kó o tó ka ìyókù. Ṣé ó lè sọ̀rọ̀ kan tán láì máa mí hẹlẹhẹlẹ? Ṣé ọmọ ṣì ń yí nínú rẹ̀ bó ṣe máa ń yí? Bí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ rárá, gbé fóònù yìí sílẹ̀, wá kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí mọ́tò aládùúgbò, kẹ́ ẹ gba ọsibítù lọ. Lálẹ́ yìí ni o, kì í ṣe bí ilẹ̀ bá mọ́.

———

ỌKỌ ABOYÚN, AGRIC:
Ẹ ṣé mà. Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ọmọ sì ń ta á nípàá bí mo ṣe ń kọ èyí. Àmọ́ bó bá gun àtẹ̀gùn ilé wa, ó máa ń dúró mí.

———

NỌ́Ọ̀SÌ ÀGBÀ, IGBÓGBÓ:
Aboyún oṣù mẹ́jọ tí ara rẹ̀ le náà máa ń dúró mí lórí àtẹ̀gùn. Ohun tí mo fẹ́ kó o máa ṣọ́ ni bó bá ń mí bẹ́ẹ̀ nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi há orí ìka, àwọn ilé oògùn ńlá ní Sábó, n'Ìkòròdú níbí, ń tà á. Bí nọ́ńbà ọ́síjìn tó bá yọ lójú rẹ̀ bá rẹlẹ̀ sí 95, ẹ máa lọ. Kó nu ọ̀dà èékánná ìka náà kúrò kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ náà parọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá méjèèjì wá kù. Ibà kì í gba òórùn lọ́wọ́ èèyàn. Ọ̀fìnkìn líle lè ṣe é, Kòrónà náà lè ṣe é. Ṣùgbọ́n èèyàn lè ní ibà àti Kòrónà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo rí i dáadáa lọ́dún 2020 àti 2021. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n á rí kòkòrò ibà, gbogbo ilé á mí kanlẹ̀, wọ́n á gbé oògùn ibà lé e, kò sẹ́ni tó máa wo ikọ́ mọ́. Bí àyẹ̀wò bá fi ibà hàn, ẹ tọ́jú ibà, torí ibà náà burú fún aboyún. Ikọ́ ṣì wà ńlẹ̀ tẹ́ ẹ máa bi léèrè.

Aládùúgbò yín tó ní Kòrónà ti kásẹ̀ nílẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lábọ̀. 5 oṣù Karùn-ún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kì í ṣe pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Wọn ò sọ pé ó ti lọ. Ọ̀pọ̀ wa ti kó o rí tàbí ká ti gba abẹ́rẹ́, ara ti mọ̀ ọ́n, kì í sì í gbé èèyàn ṣánlẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́ mọ́. Nítorí náà, iye tí mo bá dá síbí, ti ìgbà tó gbóná jù ni. Mi ò kọ wọ́n láti dẹ́rù bà ọ́.

———

ÌYÁ ALÁGBO, ÒWÚTÙ:
Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ̀ ń kó ìpayà bá àwọn ọmọdé wọ̀nyí. Lásìkò kónílé-ó-gbélé, tí ọsibítù yín ń lé èèyàn padà lẹ́nu géètì, ilé mi làwọn aboyún ń bọ̀. Mẹ́fà nínú wọn ló ń wúkọ́. Mo fún wọn lágbo, mo gbẹ̀bí wọn, gbogbo wọn ló gbọ́mọ jó.

———

NỌ́Ọ̀SÌ ÀGBÀ, IGBÓGBÓ:
Ìyá Alágbo, mi ò já yín nírọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n lé èèyàn padà, ojú mi ló ṣe. 30 oṣù Kẹta 2020, ní agogo mọ́kànlá alẹ́, ni wọ́n ti Èkó pa pẹ̀lú Àbújá, ti Ògùn sì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ rántí bí Ògíjó ṣe rí nígbà náà. Ògíjó yìí, téèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti Odogunyàn, ó di ìlú òkèèrè lóru ọjọ́ kan torí pé abẹ́ Ògùn ló wà. Obìnrin kan rọbí níbẹ̀, àwọn agbófinró dá ọkọ̀ wọn dúró lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí wọ́n máa fi dé ọ̀dọ̀ wa, orí ọmọ ti yọ. Ẹnu ìloro la ti gbẹ̀bí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ aboyún ni kò bá Kòrónà pàdé rárá, tó jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n dí àti ọsibítù tó tilẹ̀kùn ló ṣe wọ́n léṣe. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn tó gbé chloroquine, oògùn ibà àtijọ́, mì bí ẹní jẹ ẹ̀pà torí ohun tí wọ́n gbọ́ nínú ìròyìn, tí wọ́n sì gbé lọ sí ọsibítù l'Ékòó níbí.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́fà yẹn, ẹ gbọ́ mi. Òótọ́ ni pé púpọ̀ jù lọ aboyún tó kó Kòrónà ló gbádùn. Àwọn mẹ́fà yín á gbádùn pẹ̀lú agbo, wọ́n á gbádùn láìsí agbo. Ẹni keje ni mo ń sọ. Lọ́dún 2021, wọ́n gbé aya ẹnì kan wá láti apá Ìjẹdè, oyún oṣù méje. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló ti ń wúkọ́, agbo ni wọ́n ń fún un, wọ́n á tún bo aṣọ lé e lórí kó máa fa ooru omi gbígbóná. Nígbà tí mo máa rí i, ètè rẹ̀ ti dúdú, nọ́ńbà ìka rẹ̀ ń lọ 78. Ilẹ̀ ò mọ́ bá a. Ọmọ inú rẹ̀ bá a lọ, ó fi mẹ́ta sílẹ̀ nílé. Ká ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ni wọ́n gbé e wá, ọ́síjìn wà níbẹ̀. Ikọ́ àwọn mẹ́fà yín àti ikọ́ tirẹ̀, ohùn kan náà ni wọ́n ní lọ́jọ́ kìíní. Ẹ̀yin àtèmi ò lè fi etí yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, bí aboyún bá ń wúkọ́ wá sílé yín báyìí, ẹ ra ẹ̀rọ ìka yẹn. Òun nìkan ni mo ń bẹ̀ yín fún.

———

ỌKỌ ABOYÚN, AGRIC:
Mà, kí ló dé tó fi ń le lára aboyún ju ẹlòmíràn lọ? Èmi náà wúkọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ méjì péré ló lò.

———

NỌ́Ọ̀SÌ ÀGBÀ, IGBÓGBÓ:
Ìwọ lo kó o ràn án nìyẹn, ó jọ bẹ́ẹ̀. Wọ ìbòmú nínú ilé, kó o sì ṣí fèrèsé.

Ilé ọmọ ti ga dé abẹ́ egungun ìhà rẹ̀ báyìí, ó ń ti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sókè, àyè tó fi ń mí ti dín kù. Bẹ́ẹ̀ èémí tirẹ̀ àti tọmọ ló ń mí. Ẹ̀jẹ̀ aboyún máa ń yára dì ju tẹlòmíràn lọ, Kòrónà náà máa ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020, wọ́n fi aboyún tó kó o wé àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn tó kó o tí kò lóyún. Iye aboyún tó dé wọ́ọ̀dù àwọn tí ẹ̀mí wọn wà létí bèbè jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí obìnrin 10 bá ti kú nínú àwọn tí kò lóyún, 17 ló kú nínú aboyún tí iye wọn bá tiwọn dọ́gba. Iye àwọn tó kú lápapọ̀ kéré, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ àárín wọn hàn gbangba.

Ohun tí àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ṣe ìwádìí kan lọ́dún 2020 ní orílẹ̀-èdè 18, Nàìjíríà wà lára wọn. Wọ́n tọ aboyún 706 tó ní Kòrónà lẹ́yìn, pẹ̀lú 1,424 tí kò ní. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa ń bá oyún wá, èyí tó lè di gìrì mọ́ aboyún lára, níbi tó bá ti mú 10 nínú àwọn tí kò ní àrùn náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú 18 nínú àwọn tó ní i. Àwọn tó bímọ kí oṣù ọmọ tó pé náà, 10 sí 16. Torí náà, bẹ́ ẹ bá dé ọsibítù, má jẹ́ kí wọ́n fi ikọ́ nìkan tán an. Sọ pé kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Bí orí bá ń fọ́ ọ tí kò lọ, bí ojú rẹ̀ bá ń ṣe bàìbàì tàbí tó wú, bí inú bá ń dùn ún lókè lábẹ́ ìhà, ìyẹn kì í ṣe ti ikọ́.

Fún ara gbígbóná, kó lo parasitámọ́ọ̀lù. Kó má fọwọ́ kan ibuprofen, kò dáa fún oyún tó ti dàgbà báyìí.

———

ÌYÁ ÌBEJÌ, ÌTAMÁGA:
Ẹ wá sọ tọmọ fún wa, torí òun gan-an ló bèèrè. Ṣé ọmọ ń gbé e wáyé tàbí kò gbé e wáyé?

———

NỌ́Ọ̀SÌ ÀGBÀ, IGBÓGBÓ:
Kì í sábàá gbé e wáyé. Ibi ọmọ máa ń dá àrùn yìí dúró, díẹ̀ ló ń rí ibẹ̀ gbà kọjá. Nínú ìwádìí orílẹ̀-èdè 18 yẹn, nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọmọ tí ìyá wọn ní i wò, nǹkan bíi 13 nínú 100 ni wọ́n bá a lára wọn, púpọ̀ wọn ò sì ṣàìsàn tó le. Òmíràn nínú wọn, lẹ́yìn ìbí ló kó o, láti ẹnu àwọn tó ń wúkọ́ yí i ká.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa ọmọ kì í ṣe pé á gbé e wáyé. Ibi ọmọ gan-an ni. Àrùn yìí lè ba ibi jẹ́ nígbà mìíràn, kó le gbagidi, kí ẹ̀jẹ̀ má rí ọ̀nà gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù Kẹta 2020 dé oṣù Kẹsàn-án 2021, wọ́n ka ìbímọ tó lé ní mílíọ̀nù kan. Nínú ìyá 1,000 tí kò ní Kòrónà, bíi 6 ni ọmọ wọn kú sínú. Nínú àwọn tó ní i, bíi 13. Nígbà tí ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Delta dé, ó di 27. Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè bóyá ọmọ ń yí. Kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ lójoojúmọ́, kó máa fọkàn bá ọmọ rẹ̀ lọ. Bó bá rí i pé yíyí rẹ̀ ti yàtọ̀, pé ó ti dín kù, kó má dúró de ẹnikẹ́ni. Kó má sì mu omi tútù kó ní òun ń wò ó bóyá á jí.

Ti pé ó ń sọ ọmọ di abirùn, wọn ò rí i bẹ́ẹ̀.

———

ÌYÁ ÌBEJÌ, ÌTAMÁGA:
Ẹ ṣé. Èmi bí lọ́dún 2021, wọ́n fẹ́ gún mi ní abẹ́rẹ́ Kòrónà nínú oyún, mo kọ̀. Wọ́n ní ó ń ba ilé ọmọ jẹ́. Inú mi dùn pé mo kọ̀.

———

NỌ́Ọ̀SÌ ÀGBÀ, IGBÓGBÓ:
Ìyá Ìbejì, ẹ̀rù yẹn ní ìdí nígbà náà, mi ò ní bú yín. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ balẹ̀ sí Àbújá ní 2 oṣù Kẹta 2021, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀, kò tíì sí aboyún nínú àwọn tí wọ́n fi dán an wò. Èmi náà dáhùn fún àwọn aboyún nígbà yẹn pé kí wọ́n ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ni àìmọye aboyún gbà á káàkiri ayé, wọ́n tọ̀ wọ́n lẹ́yìn, oyún wọn ò bàjẹ́ ju tàwọn tí kò gbà á lọ. Ìyá á gbà á, ohun ìjà tí ara ìyá pèsè á gba inú ibi ọmọ dé ara ọmọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà kéde rẹ̀ ní oṣù Kejì 2022: àwọn ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, tí ìyá wọn gba abẹ́rẹ́ méjì nínú oyún, ìdùbúlẹ̀ wọn sí ọsibítù nítorí Kòrónà fi 61 nínú 100 dín kù. Ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ò ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀ tó lè gbà. Bí mo bá tún padà sí 2021 pẹ̀lú ohun tí mo mọ̀ báyìí, mi ò ní sọ pé kẹ́nikẹ́ni ṣe sùúrù.

———

ỌKỌ ABOYÚN, AGRIC:
Ọ̀rọ̀ ọyàn ńkọ́ mà? Ìyá ìyàwó mi ti lọ ra agolo mílíìkì méjì kalẹ̀.

———

NỌ́Ọ̀SÌ ÀGBÀ, IGBÓGBÓ:
Orí èyí ni mo ti fẹ́ dúró pẹ́.

Ní oṣù Kẹrin 2020, àwa gan-an gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá méjì tí wọ́n ń wúkọ́. A rò pé oore là ń ṣe. Kì í ṣe àwa nìkan: ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà náà sọ lóṣù yẹn pé kí wọ́n ya ìyá àti ọmọ sọ́tọ̀. Nígbà tó di oṣù Keje, wọ́n yí i padà, torí àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyá wọn ò kó àrùn ju àwọn tí wọ́n gbé lọ, bí ìyá bá ti ń wọ ìbòmú tó sì ń fọ ọwọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò tiẹ̀ gbà pé kí wọ́n yà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ṣì ń rántí ojú ọ̀kan nínú àwọn ìyá méjì yẹn. Ó ń na ọwọ́.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kàn mí nílé. Oṣù Kẹjọ 2021, ọmọ mi obìnrin kó o ní ọ̀sẹ̀ 35. Ó bí síbì kan tí mi ò ní dárúkọ. Bí ọmọ ṣe ké, wọ́n gbé e gba ẹnu ọ̀nà kejì lọ. Wọ́n ní ọjọ́ 14 ni, pé agolo ni ọmọ á máa mu. Wọn ò jẹ́ kí n wọlé. Ọjọ́ kẹta, ọyàn ọmọ mi le bí òkúta, ibà ọyàn dé, ó ń gbọ̀n. Ọjọ́ kẹrin, mo tẹ ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ jáde ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Sábó, mo mú un tọ dókítà wọn lọ. Ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó kà á tán, ó ní wọn ò tíì mú òfin tuntun wá fún òun ni. Wọ́n gbé ọmọ wá. Ọmọ ò mọ ọyàn mọ́, rọ́bà ló ti mọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko la fi ń fọwọ́ fún un, tí a ń fi síbí kó o sí i lẹ́nu, kó tó gbà á mú. Wọ́n yẹ ọmọ yẹn wò fún Kòrónà, wọn ò bá a lára rẹ̀. Gbogbo ìyà tó jẹ, yíyà tí wọ́n yà á ló fà á.

Kòkòrò Kòrónà kì í gba inú omi ọyàn ran ọmọ. Omi ọyàn àkọ́kọ́ yẹn, tó pọ́n, tí àwọn àgbà kan ń ní kí wọ́n fún dànù, inú rẹ̀ ni ohun ìjà wà. Ẹnu àti imú ìyá ló ń gbé àrùn, ìbòmú ló sì ń dí i. Kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó gbé e, kó má wúkọ́ sí i lójú, kó fi ọmọ sáyà, awọ kan awọ. Bí òun bá dùbúlẹ̀, kí bẹ́ẹ̀dì ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú yàrá kan náà.

Ẹ wo agolo mílíìkì yẹn pẹ̀lú ojú ilé wa. Omi kànga l'Agric tàbí omi bọ́hòólù, a máa sè é, ìkòkò gbọdọ̀ mọ́, rọ́bà gbọdọ̀ mọ́, iná ò sí, òru ni. Ìgbẹ́ gbuuru ni mo rí tó ń pa ọmọ jòjòló nílùú yìí, kì í ṣe Kòrónà. Sọ fún ìyá ìyàwó rẹ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó tọ́jú rìsíìtì rẹ̀.

———

ÌYÁ ALÁGBO, ÒWÚTÙ:
Lórí ọyàn, mo fara mọ́ yín. Àwọn ìyá wa ò ya ọmọ sọ́tọ̀ rí. Ẹ̀rọ ìka yẹn, èló ni?

———

NỌ́Ọ̀SÌ ÀGBÀ, IGBÓGBÓ:
Ìyá mi, ẹ má rà á lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Èmi á dán an wò lórí ìka yín níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

———

ỌKỌ ABOYÚN, AGRIC:
Mà, ọjọ́ méjì ni mi ò fi lè kọ̀wé. A lọ lówùúrọ̀ àná. Wọ́n fi òwú yẹ imú rẹ̀ wò, Kòrónà ni. Ibà náà wà níbẹ̀. Àwọn ìyá méjèèjì ló jàre. Ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ 96. Mo ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe wí, ó wà ní 150 lórí 100, wọ́n rí nǹkan nínú ìtọ̀. Wọ́n dá a dúró. Wọ́n ní bí ẹ̀jẹ̀ ò bá wálẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọmọ á tètè jáde. Mi ò tíì jẹun.

———

NỌ́Ọ̀SÌ ÀGBÀ, IGBÓGBÓ:
Lọ jẹun ná. O ti gbé e dé ibi tó yẹ kó wà.

Bí wọ́n bá ní ọmọ gbọ́dọ̀ tètè jáde, gbà fún wọn, ìwòsàn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn nìyẹn. Bọ́mọ bá jáde láìpé oṣù, ó lè jẹ́ pé wọ́n á gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ móoru. Má bá wọn jà sí ìyẹn, ìdí rẹ̀ yàtọ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ nítorí Kòrónà nìkan ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ, rọra bi wọ́n léèrè ìdí, kó o sì pè mí.

Ọyàn ò gbọdọ̀ dúró dè wọ́n. Láti wákàtí àkọ́kọ́, kó wọ ìbòmú, kó fọ ọwọ́, kó máa fọwọ́ fún un sínú ife tí ẹ ti sè, wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, òru náà wà níbẹ̀. Bí ó bá kàn kán tótó bí omijé, ó pọ̀ tó. Ìwọ ni wàá máa gbé e lọ fún àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lọ́dọ̀ ọmọ.

Ṣé o ní ife kékeré tó lọ́mọrí àti síbí tó lè wọ ẹnu ọmọ? Bí o kò bá ní, sọ wọ́ọ̀dù tó wà fún mi. Mo ń bọ̀ ní Sábó lówùúrọ̀ ọ̀la, màá gbé wọn wá.